Sí àwọn olóyè ẹgbẹ́ olùtajà kẹ́míkà ọjà wa: ẹ dá ìwé gílísírìn padà sọ́wọ́ oníbàárà

Alága, Ìyá Ẹgbẹ́, Akọ̀wé, àti gbogbo ìgbìmọ̀, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ọjà, ẹ kú òógùn ojú.

Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ̀ mí. Láti ọdún 2006 ni mo ti ń ra kọ́sítíìkì, Texapon, sulphonic, Nitrosol, àwọ̀ àti lọ́fíńdà lọ́wọ́ yín, nígbà tí mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ kan, tí mo wá ń ṣe ọṣẹ olómi àti ìpara fúnra mi. Àwọn kan nínú yín ti tà fún mi láwìn nígbà tí ọwọ́ mi ò tó nǹkan, mi ò gbàgbé. Torí náà, ẹ má ṣe rò pé ọ̀tá ló kọ̀wé yìí. Mo kọ́kọ́ wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kíní, wọ́n ní Alága rìnrìn àjò. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní kí n lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, àwọn ará ìlú á bá yín kà á.

Páálí funfun tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù lóṣù tó kọjá ló bí ọ̀rọ̀. Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ fún oníbàárà ní ẹ̀dà ìwé àyẹ̀wò tó bá dúrọ́ọ̀mù wọlé, àfi ẹni tó bá ra odindi dúrọ́ọ̀mù. Ẹni tó bá rú òfin náà, yóò san owó ìtanràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á tí ẹ ò mọ bí nǹkan ṣe ń lọ lọ́jà wa, dúrọ́ọ̀mù kẹ́míkà tó bá ti ilé iṣẹ́ gidi jáde máa ń ní ìwé kan tó tẹ̀ lé e. Ìwé náà á sọ ẹni tó ṣe é, nọ́ńbà bátìṣì rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, bó ṣe mọ́ tó, àti ìdọ̀tí tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀. COA (Certificate of Analysis) là ń pè é. Dúrọ́ọ̀mù kan á máa gbà tó igba lítà. Ta ló fẹ́ ra igba lítà gílísírìn nínú àwa oníṣẹ́ ọwọ́? Lítà márùn-ún, lítà mẹ́wàá, nínú kẹ́ẹ̀gì, bẹ́ẹ̀ là ń rà á. Òfin yín wá túmọ̀ sí pé àwa tí a pọ̀ jù la ò ní mọ ohun tí a gbé lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí lẹ́yìn tí páálí yẹn jáde. Mo lọ ra lítà mẹ́wàá gílísírìn. Ọmọ tó ń tajà yọ àrọ kúrò lẹ́nu dúrọ́ọ̀mù kan, ó gbọ̀n ọ́n sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó tì í bọ ẹnu kẹ́ẹ̀gì tó fẹ́ gbé fún mi. Kẹ́ẹ̀gì òróró ni kẹ́ẹ̀gì yẹn tẹ́lẹ̀, ìdajì orúkọ òróró náà ṣì wà lára rẹ̀. Ó wá lọ bu ọjà mi nínú dúrọ́ọ̀mù kejì. Mo bi í pé kí ló wà nínú ti àkọ́kọ́ tó ti yọ àrọ. Ó ní, “Màmá, nǹkan kan náà ni gbogbo wọn.” Mo wo ara dúrọ́ọ̀mù méjèèjì. Wọ́n ti bó lébẹ̀ẹ̀lì kúrò, ojú ibi tí gọ́ọ̀mù wà nìkan ló kù, ó ti dúdú fún eruku.

Mo gbé e délé, mo wọ̀n ọ́n. Àṣà tí mo kó láti yàrá àyẹ̀wò nìyẹn, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀. Lítà kan gílísírìn tó mọ́ máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 1,260. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná, ó lè dín díẹ̀. Èyí tí mo rà wọn 1,130. Mo da èyí tó wà nínú igò tí mo fi wọ̀n ọ́n nù, mo fọ igò náà, mo nù ún gbẹ, mo tún bu òmíràn wọ̀n. 1,130 náà ni. Ẹnìkan á ní omi ni wọ́n bù mọ́ ọn. Kí omi tó lè fà á wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ tó ìdajì, á sì ti máa ṣàn wérewère bí omi ògì. Èyí ki, ó ń fà lọ́ọ́lọ́ọ́ lára ṣíbí. Mo mọ nǹkan mìíràn tó ki, tí kò láwọ̀, tí lítà rẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1,118. Mi ò sọ pé òun ni, torí òṣùwọ̀n nìkan kò tó fi dá ẹjọ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé mi ò lè mọ̀, ọmọ tó tà á fún mi kò lè mọ̀, ẹ̀yin náà kò sì lè mọ̀.

1. Ojú ò mọ̀ ọ́n, imú ò mọ̀ ọ́n, ahọ́n gan-an ò mọ̀ ọ́n.

Oríṣi kẹ́míkà méjì ló wà lọ́jà yín. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń kó bí yẹ̀pẹ̀: kọ́sítíìkì, soda ash, ásíìdì bátìrì. Bí ìdọ̀tí bá wà nínú ìyẹn, ọṣẹ lè má le dáadáa, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ni àwọn tí wọ́n yọ́ títí wọ́n fi mọ́, tó jẹ́ pé mímọ́ yẹn gan-an lẹ gba owó rẹ̀: gílísírìn tí wọ́n fi ń po oògùn olómi, propylene glycol tó ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun paracetamol yọ́ di omi, fánílà inú kéèkì, àwọ̀ tí ènìyàn ń jẹ. Nínú irú èyí, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Iye diethylene glycol tí ìwé ìlànà oògùn gbà kó wà nínú gílísírìn kò ju bẹ́ẹ̀ náà lọ.

Diethylene glycol yìí, tí a ń pè ní DEG, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Òun ni nǹkan tó ki tí mo ní lítà rẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 1,118. Ó máa ń bá ethylene glycol jáde nílé iṣẹ́, ìyẹn omi tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀ níbi tí òtútù ti ń mú gan-an. Wọ́n ń lò ó fún omi bíréèkì, fún ike àti fún ọ̀dà. Iṣẹ́ rẹ̀ wà, mi ò ní kí ẹ má tà á. Ṣùgbọ́n ó dà bíi gílísírìn bí ìbejì ṣe ń jọra, ó dùn lẹ́nu bíi tirẹ̀, owó rẹ̀ sì kéré sí ti gílísírìn tó mọ́. Bí ènìyàn bá gbé e mì, ara yóò sọ ọ́ di ásíìdì tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ á máa bì, ìtọ̀ rẹ̀ á dáwọ́ dúró, ìyá á máa yẹ nápì wò, yóò gbẹ láàárọ̀, yóò gbẹ lálẹ́. (Mo mọ bàbá kan lọ́jà yín tó ní òun máa ń tọ́ gílísírìn wò kí òun tó rà á. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ bàbá.)

Gílísírìn fúnra rẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí ìyá mi bá ń se ọṣẹ dúdú, tí àdín àti omi eérú bá pàdé lórí iná, gílísírìn ń jáde níbẹ̀, inú ọṣẹ náà ló sì ń jókòó sí. Ìyẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ọṣẹ náà bó ènìyàn lára. Ilé iṣẹ́ ńlá ló ń yọ ọ́ lọ́tọ̀, tí wọ́n á sè é di oru, tí wọ́n á gba oru náà padà, tí yóò fi mọ́ tó ìdá 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó gbogbo wàhálà yẹn la ń san. Kí ló wá fi hàn pé wọ́n ṣe wàhálà náà? Ìwé tí ẹ ní ẹ ò ní fún wa mọ́ yẹn ni.

2. Ó ti ṣẹlẹ̀ nílé wa rí.

Ẹ ò lè sọ pé ẹ ò gbọ́ nípa My Pikin. Oògùn eyín ọmọdé ni, paracetamol olómi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn ọmọ tí kò lè tọ̀ mọ́ wá sí ilé ìwòsàn. Kí ó tó tán ní 2009, ọmọ 84 ti kú. Púpọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọdún méjì. Nígbà tí wọ́n yẹ oògùn náà wò, DEG ló wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n pè ní propylene glycol ni ilé iṣẹ́ náà rà, ọwọ́ oníkẹ́míkà kan tí kò ní ìwé àṣẹ, ní Èkó níbí, ni wọ́n sì ti rà á. Ní 2013, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ rán òṣìṣẹ́ méjì nílé iṣẹ́ náà lẹ́wọ̀n ọdún méje-méje.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ní 1990, ọmọ 47 kú bákan náà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì ti Jos, DEG kan náà, nínú paracetamol olómi kan náà. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn ni òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ jáde. Amẹ́ríkà ti jẹ ìyà tirẹ̀ ní 1937, nígbà tí ilé iṣẹ́ kan fi DEG yọ́ oògùn sulfanilamide. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú, ìyẹn ló sì mú kí wọ́n ṣe òfin oògùn wọn ti 1938. Ní 2022, nǹkan bí àádọ́rin ọmọ ló bá a lọ ní Gáḿbíà, ó sì lé ní igba ní Indonesia. Láti 1937 di 2022, ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún, ìtàn kan náà ni: omi tó ki tí kò láwọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ wò dáadáa kó tó wọ inú oògùn.

3. Ìdí tí ẹ fi gbé ìwé pamọ́ gan-an ló pa àwọn èèyàn Panama.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ kà. Mo bi Akọ̀wé yín léèrè ìdí tí ẹ fi ṣe òfin yìí. Kò parọ́ fún mi, mo sì dúpẹ́ fún ìyẹn. Ó ní, “Bí a bá fún yín ní ìwé, orúkọ ẹni tó ń kó o wọlé wà lórí rẹ̀. Ẹ ó fò wá kọjá, ẹ ó lọ bá a.” Ọ̀rọ̀ ajé ni, ó yé mi. Èmi náà kì í sọ ibi tí mo ti ń ra ike ìpara mi fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Panama ní 2006. Dúrọ́ọ̀mù mẹ́rìndínláàádọ́ta tí wọ́n kọ gílísírìn sí lára ló kúrò ní Ṣáínà, ó gba Barcelona kọjá, ó dé Panama. Ìwé rẹ̀ ní ó mọ́ tó ìdá 99.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó ṣe ń kọjá lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò, wọ́n ń yọ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ẹni tó kọ́kọ́ tà á kúrò lórí ìwé náà, wọ́n ń tẹ òmíràn lórí ìwé tiwọn. Àṣà àwọn alágbàtà ni, kí oníbàárà má bàa fò wọ́n kọjá. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò yẹ ohun tó wà nínú dúrọ́ọ̀mù wò. Ilé iṣẹ́ ìjọba po ó mọ́ oògùn ikọ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó kú. Ọdún mẹ́wàá ṣáájú ìyẹn, ní Haiti, ìwé gílísírìn tí wọ́n tún tẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ṣáájú ikú ọmọ tó lé ní ọgọ́rin.

Àwọn oníṣòwò wọ̀nyẹn kì í ṣe apààyàn. Oníbàárà wọn ni wọn ò fẹ́ pàdánù, bíi tiyín náà.

4. “Ọṣẹ lẹ fi ń ṣe, kí lẹ fẹ́ fi ìwé ṣe?”

Ẹnìkan ló bi mí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó tò sẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó ra lítà méjì; fọ́ńdáǹtì tí wọ́n fi ń bo kéèkì ló fẹ́ fi mú rọ̀, èyí tí àwọn ọmọdé máa ń kọ́kọ́ já jẹ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ra lítà márùn-ún, ó ní òun ń po àgbo ikọ́ sínú igò fún títà, gílísírìn ló ń jẹ́ kó dùn mu. Ẹnì kẹta ń ṣe ọṣẹ ìfọwọ́. Inú dúrọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n ti bu ti gbogbo wa. Ọmọ tó ń bù ú kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ohun tó fẹ́ fi ṣe, torí òun náà gbà pé nǹkan kan náà ni gbogbo wọn.

Èmi tí mo ń ṣe ìpara gan-an, ara ọmọ tí ooru ti bó lára ni àwọn ìyá ń fi í pa. Mi ò lè sùn lórí ìyẹn.

5. Àrọ.

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Àrọ tó bá ti wọ omi bíréèkì kò gbọdọ̀ wọ gílísírìn. Ẹ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

6. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ.

Ẹ máa ní àwọn oníṣẹ́ ìjọba ń dà yín láàmú, pé ìwé tí ẹ bá fún oníbàárà ni wọ́n á fi wá mú yín. Òótọ́ wà níbẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ẹni tí kò jẹ̀bi, tí wọ́n sì fi ẹni tó jẹ̀bi sílẹ̀ nítorí ó mọ ẹnì kan. Ẹ máa ní kì í ṣe ẹ̀yin lẹ po nǹkan mọ́ ọn, pé bó ṣe wọlé lẹ ṣe ń tà á. Òótọ́ náà nìyẹn, ó lè jẹ́ pé òkè òkun ló ti bàjẹ́. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyí tí ìwé fi ń gbà yín. Bí ọ̀ràn bá dé, tí nọ́ńbà bátìṣì wà lára kẹ́ẹ̀gì, a ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kó o wọlé. Bí kò bá sí, ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì léni lọ́wọ́ ni ipasẹ̀ máa pin sí. Ta sì nìyẹn? Ọmọ yín tó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

7. Ohun tí mo ń béèrè.

Èkíní, ẹ bó páálí yẹn kúrò. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù pé a ó fò yín kọjá, ẹ fi páálí bo nọ́ńbà fóònù àti iye owó nígbà tí ẹ bá ń ṣe ẹ̀dà ìwé. A ò nílò rẹ̀. Ẹ má bo orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, nọ́ńbà bátìṣì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Èkejì, kẹ́ẹ̀gì kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láìní ìwé pélébé lára: orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀, bóyá ti oògùn àti oúnjẹ ni tàbí ti ilé iṣẹ́, nọ́ńbà bátìṣì, ọjọ́ tí wọ́n bù ú, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù. Bírò àti sẹ́lótéèpù ti tó. Kẹ́ẹ̀gì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun. Àwa ló máa san owó rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi, òun náà ló sì máa ná yín lówó. Kí ẹgbẹ́ máa yẹ gbogbo dúrọ́ọ̀mù gílísírìn, propylene glycol àti sorbitol (omi dídùn mìíràn tí wọ́n ń po mọ́ oògùn olómi) wò kí wọ́n tó ṣí i fún títà. Kò nílò ilé ńlá. Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń kán ẹ̀kán kékeré sórí páálí tín-ín-rín kan, wọ́n á ti ìsàlẹ̀ páálí náà bọ omi kẹ́míkà, omi náà á máa gùn ún bí omi ìrì ṣe ń gun ìdí aṣọ ẹni tó ń rìn nínú koríko. Kẹ́míkà kọ̀ọ̀kan ní ibi tó máa ń gùn dé. Bí DEG bá wà níbẹ̀, yóò fi àmì tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tí gílísírìn kì í dúró sí. Ẹni tó bá kọ́ ọ dáadáa lè ṣe é láàárọ̀ kan. Àwọn ọmọ tó kàwé gboyè nínú kẹ́mísìrì pọ̀ nílùú tí wọ́n ń wa ọ̀kadà. Ẹ gba ẹyọ kan síṣẹ́. Owó ìpàdé oṣù kan tí ẹ fi ń ra ankara ọdọọdún lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. (Ankara ti ọdún tó kọjá dára o, mi ò bú u.) Bí ẹ bá fẹ́, èmi fúnra mi á wá kọ́ ẹni náà láìgba owó, ní gbogbo ọjọ́ Sátidé títí yóò fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹrin, ẹ ya ṣọ́ọ̀bù tàbí igun kan sọ́tọ̀ fún èyí tó ń wọ ẹnu ènìyàn, pẹ̀lú àrọ tirẹ̀.

Mo fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá jáde. Bí páálí bá ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà náà, èmi àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mọ́kànlá tí wọ́n ti fọwọ́ sí ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ mi yóò kó owó jọ, a ó máa ra odindi dúrọ́ọ̀mù pọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fún wa ní ìwé rẹ̀. Ẹ rí i pé òfin yín gan-an ló máa lé wa kúrò lọ́dọ̀ yín.

Ní ti lítà mẹ́wàá tí mo rà, mi ò lo ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Ó wà lábẹ́ kàǹtà mi, mo ti fi téèpù dí ẹnu rẹ̀, mo kọ déètì àti iye tó wọn sí i lára. Mi ò ní kí ẹ dá owó mi padà. Kí ẹgbẹ́ rán ẹnì kan wá, ká jọ gbé e lọ fún àyẹ̀wò, kí a jọ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Mo máa ń ṣí ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́jọ àárọ̀.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá Ọlọ́ṣẹ